Eré Ọdẹ Lórí Tábìlì: Ohun Tí A Lè Fi Ṣeré àti Ohun Tí A Kò Gbọdọ̀ Fi Ṣeré

   

Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe ṣe eré ọdẹ tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lórí tábìlì, àti bí ó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi dé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Èmi yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe mi ni n óò fi ṣe àárín ọ̀rọ̀, nítorí òun ni ó kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa tí a ń fẹ́ kí ìṣẹ̀ṣe gbèrú mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú eré tí mo ń wí. Ẹni méjì ni yóò jókòó kọjú sí ara wọn. Wọn yóò to igi, àpáta àti odò tí a fi páálí gé sórí tábìlì. Olúkúlùkù yóò ní ọmọ eré márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn kan, tí ó sì ní ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọn yóò máa sún wọn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, bí ẹni ta ayò, títí ẹnì kan yóò fi rí ohun tí ó wá sínú igbó. Àwọn òyìnbó ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1913 ni H. G. Wells tẹ ìwé Little Wars jáde láti fi kọ́ni bí a ṣe ń fi ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí ilẹ̀ ilé. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó kó oṣó àti ẹranko abàmì ilẹ̀ wọn wọnú eré.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ agboolé wa ní Ìbàdàn ń ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo iwin ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí ewèlè jẹ́, wọ́n wo ojú ara wọn. Ó dùn mí. Mo rántí pé D. O. Fágúnwà ti kó àwọn ọdẹ akíkanjú jọ láti ọdún 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí olúkúlùkù ní ẹ̀bùn tirẹ̀: ẹnì kan gbọ́n, ẹnì kan mọ ọfà á ta, ẹnì kan ní ohùn dídùn. Mo ní, bí ìtàn wa bá lè rí báyìí nínú ìwé, kí ni ó dé tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì?

Mo kánjú. Láàárín oṣù méjì mo ti parí rẹ̀. Mo fi igi gbẹ́ àwọn ọmọ eré, mo fi ìdérí ìgò ṣe ìdúró wọn. Ṣùgbọ́n ta ni mo gbẹ́? Ṣàngó ni, àti Ọya, àti Ògún, àti Ọbàlúayé. Mo kọ iye agbára olúkúlùkù sára bébà. Owó ẹyọ mẹ́rin ni a sì ń jù láti mọ ẹni tí ó borí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí mo pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ kí n tó fi han àgbà kankan.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó kígbe pé, “Mo ti pa Ṣàngó! Ó ku Ọya!” Bàbá àgbà kan tí í ṣe mọgbà Ṣàngó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan nígbà náà. Ní alẹ́ ni wọ́n pè mí.

Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, jókòó. Àwa tí a ń kígbe láti ayébáyé pé ọba kò so, ṣé inú ilé wa náà ni ọmọdé yóò ti kọ́ pé Ṣàngó lè kú sọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ owó ẹyọ jù?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, eré lásán ni.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé eré ni. Ohun tí ọmọdé bá fi ṣeré ni ó máa ń gbà gbọ́ jù. Àti owó ẹyọ mẹ́rin yẹn, nígbà tí o bá jù ú tí o ń ka èyí tí ó ṣí àti èyí tí ó dé, kí ni ó jọ lójú rẹ?”

Èmi tí mo ti rí i bí a ṣe ń da obì láti kékeré kò ní èsì. Awẹ́ obì abàtà mẹ́rin ni mo sọ di ohun ìṣiré láìmọ̀. Bí mo bá sọ pé kí n lò ó ní mẹ́rìndínlógún, ibi ẹẹ́rìndínlógún gan-an ni n bá bọ́ sí.

Mo rò pé wọn yóò ní kí n dáná sun gbogbo rẹ̀. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Tún un ṣe. Ọdẹ ni kí o fi ṣe é. Ènìyàn ni ọdẹ. Ènìyàn lè ṣubú, kí ó sì dìde.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi tún eré náà ṣe. Kò sí òrìṣà kankan lórí tábìlì mọ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ láti ìlú méjì ni ó ń wá ewé kan náà tí yóò wo aláìsàn sàn. Ọdẹ oníbọn wà, tafàtafà wà, oníṣègùn wà, oníjàálá wà, ajá ọdẹ sì wà. Okùn tí a ta kókó sí ni a fi ń wọn ìrìn. Ṣákábùlà ni ìbọn ọdẹ, nítorí náà, bí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kí ó dúró kí ó tó tún ki ẹ̀tù sí i. Ẹran nìkan ni a ń yìnbọn sí. Bí ọdẹ bá pàdé ọdẹ, gídígbò ni wọn yóò fi pàdé. Ẹni tí ó bá ṣubú kò kú. Àárẹ̀ ni ó mú un. Ewèlè àti iwin wà nínú igbó, ṣùgbọ́n a kì í pa wọ́n. A ń yà fún wọn ni.

Dípò owó ẹyọ, kọ́bọ̀ àtijọ́ márùn-ún tí a fi ọ̀dà funfun kun ojú kan wọn ni a ń jù. Ọ̀nà 32 ni márùn-ún lè gbà balẹ̀. Iṣẹ́ tí ó rọrùn ń fẹ́ funfun méjì ó kéré tán, ọ̀nà 26 ni ó sì wà fún un. Iṣẹ́ tí ó le díẹ̀ ń fẹ́ mẹ́ta: ọ̀nà 16. Iṣẹ́ ògbójú ń fẹ́ mẹ́rin: ọ̀nà 6 péré. Ọmọ tí ó bá ṣe é pẹ́ yóò mọ ìṣirò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án.

Ohun méjì ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Èkíní ni èèwọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fa bébà kan tí èèwọ̀ wọn wà nínú rẹ̀: kí wọ́n má wẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n má pa abo ẹran tí ó lóyún. Ẹgbẹ́ tí ó bá jẹ èèwọ̀ rẹ̀ pàdánù, ì báà jẹ́ pé ewé ti wà lọ́wọ́ wọn. Èkejì ni oríkì. Bí àárẹ̀ bá mú ọdẹ rẹ, tí o sì lè ki ìlà mẹ́ta nínú oríkì orílẹ̀ ìdílé tìrẹ, yóò dìde. Ọmọ kan pàdánù nígbà mẹ́ta nítorí pé kò mọ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó dé pẹ̀lú ìlà méjìlá. Ó ti pe ìyá bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí mo pín ńkọ́? Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Ní ọdún tó kọjá ẹnì kan fi àwòrán eré kan ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ṣàngó wà níbẹ̀, iye agbára rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹnì kan sì ti fa ìlà gbọọrọ lé e lórí. Mo bẹ ẹni náà pé kí ó fà á ya. Ó ní ọ̀fẹ́ ni mo fi tọrẹ, òun sì ni ó ni ín báyìí. Irọ́ kọ́ ni ó pa.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín. Ojú ewé mẹ́jọ ni òfin eré tuntun náà, ó wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yí i padà kí ó bá ìlú yín mu. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ: ẹ má ṣe gbé òrìṣà sórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀dà àtijọ́ níbikíbi, ẹ bá mi sọ fún ẹni tí ó ni ín pé ẹni tí ó ṣe é ti kábàámọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ọmọ eré. Bàbá ni ó mọ ibi tí eré ti ń tán. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí àwọn ọmọ wa má gbàgbé orúkọ ara wọn. Kí ìṣẹ̀ṣe má parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.