Bí Jẹjẹrẹ Bá Wọ Ilé Tọkọtaya, Ta Ló Ni Ìpinnu?

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àyájọ́ ọdún kẹwàá)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ níbi àyájọ́ yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé a ó sọ̀rọ̀ owó: ilẹ̀ rírà, owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yáwó. Iṣẹ́ bánkì ni à ń ṣe, kò yani lẹ́nu. A ó dé ìdí owó kí a tó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ìkómọ àti ìṣílé ni a fi ń pe ara wa. Ní báyìí, bí fóònù bá dún lóru, ọ̀nà UCH ni a sábà máa ń gbà. A ti wọ ọjọ́ orí tí jẹjẹrẹ ń bá èèyàn nílé.

Pé kí a tètè máa yẹ ara wa wò, àwọn dókítà ti sọ ọ́ fún wa títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é. Àmọ́ ilé tó ti kọjá ìyẹn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí. Jẹjẹrẹ ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé eegun, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà wá kọjú sí ọkọ tàbí aya, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe?"

Lọ́dọ̀ wa níbí, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹbí ló máa ń dáhùn ìbéèrè yẹn, àfi ẹni tí àìsàn ń ṣe. Àwọn ọmọ á fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Dádì, ẹ̀rù lè pa wọ́n." Ẹ̀gbọ́n ọkọ á ní India ni kí wọ́n gbé e lọ. Àbúrò á ní òun mọ bàbá kan tí àgbo rẹ̀ kì í kùnà. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ìyàwó tó ti ń sun orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n á bi kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni wọn ó sì rántí lọ́jọ́ ìsìnkú. Bó bá jẹ́ ìyàwó ni kò gbádùn, ọwọ́ ọkọ ni àwọn àna ń wò, bóyá ó ń háwọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa fún wa láyè kí a sọ ti ilé tirẹ̀, bí a kò bá ti dárúkọ.

Ẹ̀yìn ríro ló gbé ọkọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ prostate ni, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ó sì ti wọ eegun ẹ̀yìn. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé èròjà ara tí kórópọ̀n ọkùnrin ń ṣe ni jẹjẹrẹ yìí fi ń jẹun, bí a bá gé oúnjẹ náà lẹ́nu rẹ̀, yóò súnrakì fún ìgbà kan. Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Charles Huggins ló fi hàn ní Chicago ní 1941, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1966. Ọ̀nà méjì ló wà láti gé e. Ọ̀kan ni iṣẹ́ abẹ láti yọ kórópọ̀n méjèèjì, èyí tí a ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni abẹ́rẹ́ lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní gbogbo ọjọ́ tó bá kù. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, owó abẹ́rẹ́ ni kì í tán. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa kì í sì í fẹ́ gbọ́ ti iṣẹ́ abẹ yẹn rárá. Wọ́n á gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, owó á tán, wọ́n á jókòó sílé, àìsàn á sì padà wá bá wọn níbẹ̀.

Àwọn àbúrò ọkọ fárígá, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kò ní di ìwẹ̀fà. Gbogbo wọn wá ń wo ojú ìyàwó. Ó ní òun dákẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: "Ọmọ mẹ́rin ni mo ti bí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n lè dìde láìjẹ́ pé ẹ gbé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, "Àbí, Mọ́mì?" Ó dá a lóhùn pé, "Dádì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ ní tèmi."

Ọdún méjì ó lé ni bàbá náà fi wa mọ́tò fúnra rẹ̀ láti Ring Road lọ sí ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Lẹ́yìn náà àìsàn padà. Dókítà dárúkọ chemo. Bàbá ní òun fẹ́ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé yóò wo òun sàn? Dókítà ní rárá. Ṣé yóò fi kún ọjọ́ òun? Ó ní ó ṣeé ṣe, oṣù ni yóò jẹ́, kì í ṣe ọdún púpọ̀. Kí ni yóò gbà lọ́wọ́ òun? Àárẹ̀, èébì nígbà mìíràn, ewu kí àrùn mìíràn wọlé nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò lágbára mọ́, àti ọjọ́ tí òun ì bá fi wà nílé. Ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ó tó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ẹnì kan nínú ẹbí pariwo mọ́ ìyàwó lórí fóònù pé owó ló ń fi pamọ́. Nígbà tí bàbá gbọ́, ó ní kí gbogbo wọn wá sílé lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó jókòó sórí àga, ó sọ fún wọn lójúkojú pé òun lòun ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, ẹni tó bá sì fẹ́ bá èèyàn jà, kó bá òun jà báyìí tí òun ṣì lè fèsì. Ó ní kí àbúrò òun kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ìwé pélébé kan ni, kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó ko ìyàwó rẹ̀ lójú.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹnu aláìsàn ni kí ìpinnu ti jáde, níwájú ẹbí, nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì já gaara. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, a mọ̀. Àmọ́ ààbò ni fún ẹni tó máa ṣẹ́kù pẹ̀lú. Ẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún èèyàn kí ẹ tún retí pé kó bá yín pinnu.

Owó àti ipò kì í yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìbéèrè dókítà yẹn. Ìbàdàn yìí ni Rotimi Akeredolu ti ṣe iṣẹ́ lọ́yà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di gómìnà Oǹdó. Ní 1997 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára ìyàwó rẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu. Obìnrin náà kò fi bò, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ fún àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe, ó sì wà láàyè láti sọ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹjẹrẹ tún wọ ilé kan náà, lára ọkọ lọ́tẹ̀ yìí. Prostate ni. Jámánì ló ti dákẹ́, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2023. Ohun tí tọkọtaya náà bá ara wọn sọ nínú yàrá kì í ṣe tiwa. A kàn mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹni tó bá lówó tó ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́. Bí dókítà bá ti dárúkọ ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù, ẹbí á ní wọ́n ti pa èèyàn àwọn tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2010, àwọn dókítà ní Boston ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti jìnnà. Wọ́n fún apá kan ní ìtọ́jú jẹjẹrẹ nìkan, wọ́n sì fi ìtọ́jú ìrora àti ìtùnú kún ti apá kejì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara apá kejì balẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, chemo tí wọ́n gbà nígbà tí ikú sún mọ́lé sì kéré, síbẹ̀ wọ́n pẹ́ láyé jù: bí oṣù 11.6 sí oṣù 8.9.

A kò sì ní láti dé Boston. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà apàrora ní UCH, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. UCH ní ẹ̀ka rẹ̀ tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń bẹ aláìsàn wò nílé. Mọfíìnì olómi tí wọ́n ń mu lẹ́nu ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn èèyàn jù. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti fún èèyàn, ó parí nìyẹn. Oògùn ìrora ni. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, èèyàn á mu ún ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, á sùn, á jí, á jẹun, á sì bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ohun tó máa ń fà jù ni ìgbẹ́ líle, oògùn ìyẹn náà sì wà. Bákan náà ni ti ìtànṣán fún eegun tó ń ro. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń mú ìrora rọlẹ̀ tó èyí tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á tún padà wá gbà á. Ẹ béèrè, pàápàá bó bá jẹ́ Èkó lẹ ó ti gbà á. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń ro kò yẹ kó máa gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó lójoojúmọ́ bí ẹ̀ẹ̀kan bá lè tó o.

Ó kan owó. Ẹ má ta ilé kí ẹ tó béèrè ohun mẹ́ta tí bàbá yẹn béèrè. Ilé tí ẹ tà nítorí ohun tó lè wo èèyàn sàn yàtọ̀ sí ilé tí ẹ tà nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá ìtọ́jú alágbára nílẹ̀ òkèèrè. Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan, Cancer Health Fund, fún jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate. UCH wà lára ilé ìwòsàn mẹ́fà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè bóyá àyè ṣì wà.

Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ bánkì, èyí tó ń dùn wá jù ni ti next of kin. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń wá sí káńtà lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á ní orúkọ àwọn wà nínú fọ́ọ̀mù. Orúkọ yẹn kò sọ yín di oní-owó. Ẹni tí bánkì lè pè ni, kì í ṣe ẹni tó jogún. Bí onítọ̀hún bá ti kú, àkáǹtì á dè, ó di ilé ẹjọ́, láti gba ìwé àṣẹ lórí ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní rẹ̀. Ìwé agbára tí ó fún yín láti máa buwọ́ lùwé fún un náà kú pẹ̀lú rẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí ó ṣì lè fọwọ́ sí nǹkan, ẹ jọ lọ sí bánkì, ẹ ṣí àkáǹtì alájọni, ẹ béèrè ohun tí ìwé rẹ̀ sọ nípa ẹni tó bá ṣẹ́kù, kí ẹ sì kọ ìwé ìhágún. Kì í ṣe èpè. Owó oògùn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè há síbẹ̀ bó bá kàn dákú lásán.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ìwé òfin wa sọ iye tí a ó dá bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ó sọ irú aṣọ tí a ó wọ̀, ó tiẹ̀ sọ iye kúlà tí a ó gbé lọ. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ nípa àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ. A ti kọ àbá kan fún Akọ̀wé. Ó ní kí ìdajì owó ọ̀fọ̀ di ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lè gbà nígbà tí dókítà bá ti kọ̀wé pé àìsàn òun tàbí ti ẹnì kejì rẹ̀ ti jìnnà, kí èèyàn méjì nínú wa sì máa bá a lọ rí dókítà, kí wọ́n máa kọ èsì sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá rò pé kúlà ṣe pàtàkì jù, kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé gbogboogbò. Ibẹ̀ ni a ó ti dìbò.