Bí Kẹ́míkà Bá Dà Sílẹ̀ Ní Àgídìngbì

Ojú omi la ó ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, ká tó padà sí Àgídìngbì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ọkọ̀ òkun Genesis River kọ lu báàjì méjì ní ojú omi Houston, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀kan dojú dé, èkejì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Reformate ló dà sómi, àgbá tó lé ní 11,000. Ara ohun tí wọ́n fi ń ṣe bẹntiróòlù ni, benzene tó lè fa jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ omi dúró, wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ kiri láti yẹ afẹ́fẹ́ wò.

Ẹ ó ní, kí ló kàn wá? Báàjì kì í dé Àgídìngbì. Lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ọkọ̀ òkun bá já sí Àpápá, tírélà ló ń gbé e wá fáwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, tánkà epo ṣubú lórí Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, tí kò jìnnà sí wa. Ó kéré tán, èèyàn 9 kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná.

Bí epo bá dà, afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tí ojú kò rí. Òun gan-an ló ń gbaná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Á wọ gọ́tà, á máa lọ jẹ́jẹ́, títí á fi kan jẹnẹrétọ̀ tàbí ààrò alákàrà. Iná á wá gba ojú gọ́tà náà padà sídìí tánkà. Ẹni tó dúró lókèèrè tó ń ya fídíò, tó bá jẹ́ etí gọ́tà ló wà, kò tíì jìnnà rárá.

Àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ gbọ́n epo, mi ò ní bú wọn; gbogbo wa la mọ iye tí lítà kan jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí.

Kì í sì í ṣe epo nìkan. Àwọn tánkà kan ní pátákó aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 1203 ni bẹntiróòlù, 1017 ni chlorine. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́, ẹ̀yin ẹ má súnmọ́ ọn. Ẹ wo ọ̀rá tó ń fò lójú títì kí ẹ fi mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ má sì dúró síbi tí yóò ti gbé e bá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pe 767 tàbí 112, ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún wọn, kí ẹ sì dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ibẹ̀ jù.