Bí Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Hó Lójú Ọ̀nà

Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá ń kọjá lọ ní òpópónà, tọmọdé tàgbà ni ó máa ń dúró wò ó. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, àti Volkswagen tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mọ́tò ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún kan náà, ni ọkọ̀ olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Àwọn tí ó rà wọ́n nígbà èwe ti di arúgbó. Àwọn ọmọ wọn ni ó ń tún ọkọ̀ wọ̀nyí kùn báyìí, tí wọ́n sì ń gbé wọn lọ sílé bí ọdún bá dé. Ó wu ojú í rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí ìrìn náà gún: ẹ́ńjìnnì a máa gbóná títí omi inú rẹ̀ yóò fi hó.

Ẹ wo awakọ̀ kan tí ó gbé 504 láti Èkó, tí ó ń lọ sí Adó-Èkìtì. Ó ti bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn, ó ti la Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀, oòrùn sì wà ní àtàrí. Láti Ìta-Wùrẹ́ ni ọ̀nà ti ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Níbi tí ọkọ̀ ti ń fi jíà kejì pọ́n òkè ni ọwọ́ tí ń tọ́ka sí ooru ti wọ inú pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ rí i, ó ní, “Bàbá, ọwọ́ yẹn mà ti kọjá ààyè rẹ̀ o.” Bàbá dáhùn pé, “Jẹ́ kí á gorí òkè yìí ná.” Kí wọ́n tó gorí òkè, ohun funfun bí èéfín ti bo gíláàsì iwájú. Bàbá dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká àkísà mọ́wọ́, ó fẹ́ ṣí ọmọrí rédíétọ̀.

Àṣìṣe kan ni bàbá yìí ti ṣe, òmíràn sì ni ó fẹ́ ṣe yìí. Èkíní lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì lè gba ojú rẹ̀.

Èkíní ni pé kò dúró nígbà tí ó yẹ. Irin ni ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ́ọ̀mù ni orí rẹ̀, bí ooru bá sì mú alumíníọ́ọ̀mù, a máa fẹ̀ ju irin lọ. Bí ooru náà bá kọjá àlà, orí a wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì a jó, omi a sì wọ inú ọ́ìlì. Nígbà náà ni mẹkáníìkì yóò mi orí, tí yóò ní tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ènìyàn fi ń tiraka láti gorí òkè lè di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìsọ̀, nítorí ojúlówó orí ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ tí wọn kò ṣe mọ́ kì í ṣe ohun tí a ń rí rà ní gbogbo ọjà.

Èkejì, ìyẹn sísáré ṣí rédíétọ̀, ti pẹ́ láyé, ó sì ní ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz gbé ọkọ̀ tí Karl Benz, ọkọ rẹ̀, ṣe, láìjẹ́ kí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, ó sì wà á láti Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì lọ sí Pforzheim, ìlú tí wọ́n gbé bí i, ọ̀nà tí ó ju 100 kìlómítà lọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rin irú ìrìn jíjìn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní rédíétọ̀. Omi tí ó yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká a máa hó, a sì máa fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ bí omi ìkòkò tí kò ní ọmọrí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ṣe é kí ó máa ṣe. Nítorí náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti rí omi ni wọ́n ti ń bù ú kún un. Nínú irú ọkọ̀ yẹn, kí a máa bomi kún un ní gbogbo ìgbà ni ìtọ́jú.

Ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn èyí yàtọ̀. Omi a máa hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí a bá dé e pa tí ooru rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó má sì hó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ọmọrí tí ó ní sípíríǹgì dé rédíétọ̀. Ní kété tí ọwọ́ bá ṣí ọmọrí náà, ohun tí ó tẹ omi mọ́lẹ̀ tú nìyẹn, apá kan omi náà a sì di ooru lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru omi ń fẹ́ àyè tó bí ìlọ́po 1,600 ti omi tí ó ti wá. Abájọ tí ó fi ń tú jáde sí ènìyàn lójú. Àkísà kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni kí bàbá wá ṣe? Kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣí ìdérí iwájú ọkọ̀ nígbà tí èéfín bá rọlẹ̀, kí ó sì wá ibòji jókòó sí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò pọ̀ jù. Wákàtí kan sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá lè gba rọ́bà òkè rédíétọ̀ mú láìjóni, nígbà náà ni kí ó yí ọmọrí díẹ̀díẹ̀, kí ó dúró kí ooru tí ó kù jáde, kí ó tó ṣí i tán. Kí ó má sì da omi tútù lé irin gbígbóná, nítorí irin lè là. Kí ó dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí ó máa rọ omi náà sínú rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ará abúlé tí ó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi sáré wá ṣe oore, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì náà lè dúró nílẹ̀ di ìgbà tí wákàtí rẹ̀ bá tó.

Bí ọwọ́ atọ́ka bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, tí omi kò tíì hó, ẹ̀tàn kan wà tí ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín: kí a pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí a sì tan ẹ̀rọ amúlémóoru. Ta ni ń wá ooru kún ooru ní ilẹ̀ yìí? Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré ni ẹ̀rọ náà, ó ń gba lára ooru ẹ́ńjìnnì. Ó ṣe ni láàánú pé mẹkáníìkì ti gé rọ́bà rẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń yọ sọ nù ni tẹ́mósítáàtì, tí kì í jẹ́ kí omi kọjá sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó. Àwọn ọ̀gá ní ìsọ̀ ní ilẹ̀ òtútù ni ó wúlò fún. Wọ́n ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò, nítorí èyí tí ó ti gbó lè kọ̀ láti ṣí, ọkọ̀ yóò sì hó kíákíá. Ṣùgbọ́n tuntun ni a ń fi rọ́pò ohun tí ó gbó. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ní in a máa pẹ́ kí ó tó gbóná bí ó ti yẹ, epo a máa tán, inú rẹ̀ a sì máa jẹ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi èyí kọ́ ọmọ ilé-ìwé: kí ó so tẹ́mósítáàtì mọ́ okùn, kí ó rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. Bí omi bá hó tí kò sì ṣí, ó ti kú nìyẹn.

Ti mọ́tò ìjàpá kò gùn. Kò lo omi rárá, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, bẹ́líìtì kan náà ni ó sì ń yí fáànù rẹ̀ àti ẹ̀rọ iná mànàmáná rẹ̀. Bí iná pupa bá tàn lójijì lójú ìrìn, bẹ́líìtì lè ti já. Kí awakọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ní ti bàbá tí ó wà ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dì í lọ́wọ́ mú. “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ kí ó tutù.” Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n rí i pé rọ́bà òkè ni ó là ní ẹnu. Wọ́n gé ibi tí ó là, wọ́n fi ohun tí ó kù dì í padà, wọ́n rọ omi sínú ọkọ̀, wọ́n sì wọ Adó-Èkìtì lálẹ́.