Ta Ni Ọmọ Ẹgbẹ́?

Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ fa olùdíje ipò Ààrẹ kalẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì dojú rú, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé àwọn tó ń dupò ló pọ̀ jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fa rúkèrúdò ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ibi tí agbára láti yan olùdíje wà. Ẹ wo ẹgbẹ́ APC lọ́dún 2022. Mílíọ̀nù 100 náírà ni wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù, síbẹ̀ olùdíje 23 ló fojú hàn níwájú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, alága ẹgbẹ́ nígbà náà, Abdullahi Adamu, ní Ahmed Lawan, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje náà, ni àwọn fẹnu kò lé lórí. Àwọn gómìnà Àríwá fárígá. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 kò tilẹ̀ gba irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ láyè àfi bí gbogbo olùdíje yòókù bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn fara mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò l'Ábújá, Tinubu ní 1,271, Amaechi 316, Osinbajo 235. Lawan, ààyò alága, ní 152.

Àwọn wo ló dìbò náà? Aṣojú mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkẹ́rẹ́, Ẹmùré, Ìsẹ̀/Ọ̀rùn, Gbónyìn, Ìlà-Oòrùn Èkìtì àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì: mẹ́fà lọ́nà mẹ́ta, ènìyàn 18 péré fún gbogbo Gúúsù Èkìtì, ẹkùn wa. Bẹ́ẹ̀ Dáyọ̀ Adéyeyè, ọmọ Ìsẹ̀, ló ṣáájú ẹgbẹ́ SWAGA, tó ń polongo Tinubu káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Gómìnà wa nígbà náà, Fáyẹmí, náà sì ń dupò títí ó fi juwọ́ sílẹ̀ fún Tinubu níbi ìpàdé ìdìbò náà. Àwọn tó jó, tó yọ̀, tó jiyàn lórí Tinubu àti Fáyẹmí nílé wa kò ní ìbò kankan.

Ẹnìkan á ní: ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2021 Ààrẹ Buhari kọ̀, ó ní owó á pọ̀, ààbò kò sì dájú. Àtakò rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ìdìbò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni APC Èkìtì ṣe ní oṣù Kìíní 2022 láti yan olùdíje ipò gómìnà: wọ́n ní Oyèbánjí ní ìbò 101,703, àwọn olùdíje yòókù kò sì ní ẹgbẹ̀rún kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ àbájáde náà. Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò, 187,057 ni òun kan náà ní. Ẹ fi ojú ara yín wò ó: ta ló lè sọ bóyá ọmọ ẹgbẹ́ gan-an ni gbogbo àwọn tí wọ́n kà ní oṣù Kìíní?

Ṣé ká wá padà sọ́dọ̀ aṣojú mẹ́ta mẹ́ta? Rárá o. Ìwé orúkọ ló ní àrùn, kì í ṣe ọ̀nà ìdìbò. Abala 77 Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní kí ẹgbẹ́ fi ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ó pẹ́ tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́nú. INEC rí i, ará wọ́ọ̀dù kò rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, l'Ẹ́mùré, n'Íkẹ́rẹ́, kí aládùúgbò lè sọ pé lágbájá ti kú, tàmẹ̀dò ti wọ ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé alátakò á rán ènìyàn wọlé wá dìbò náà á ti rí ibi tí wọ́n á ti mú wọn.