Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọmọ Tí Ó Ń Wá Yunifásítì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, bí ó bá di ọ̀rọ̀ yíyan yunifásítì, ìròyìn nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń tẹ̀ lé. Láti ọdún 1978 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ JAMB sílẹ̀, orí ìwé ni ọmọ ti ń yan yunifásítì tí ó wù ú. Lóde òní, ojú kọ̀ǹpútà ni. Ó lè ti yan ibi tí yóò lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ lásán a máa fọwọ́ kàn án, a máa tú u wò, a sì gbé e síwá gbé e sẹ́yìn kí ó tó náwó.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ ní wíwò ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Òfin ọdún 1961 ni ó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962. Oṣù kìíní ọdún 1967 ni wọ́n kó dé Ifẹ̀. Ọdún 1987, ọdún tí Awólọ́wọ̀ papò dà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó ya àwòrán ọgbà náà. Hezekiah Olúwásanmí ni ọ̀gá àgbà láti 1966 sí 1975, nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń lọ ní pẹrẹu, ilé ìkàwé ibẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Bí ọmọkùnrin kan tí ó wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní Òṣogbo bá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, oníṣòwò aṣọ, lọ wo ibẹ̀, báyìí ni ó ṣe lè rí. Wọn yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọn yóò rin ọ̀nà gígùn láàárín igi, òkè yóò sì máa wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán. Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọmọ náà yóò dúró. Ìsàlẹ̀ ilé kéré, òkè rẹ̀ fẹ̀. Àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, àfi bí òkìtì èlùbọ́ tí a dorí rẹ̀ kodò.

“Màmá, ẹ wò ó, ilé yìí fẹ́ ṣubú.”

“Kò ní ṣubú, ọmọ mi. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Ṣé ó kàn ọ́ níbi tí o dúró sí?”

Òjò kò kàn án. Ohun tí ayàwòrán ilé náà ń wá gan-an nìyẹn. Oòrùn ilẹ̀ yìí a máa ga, òjò rẹ̀ a sì máa fẹ́ wọlé; nítorí náà, àjà òkè ni ó ń ṣe ìbòòji fún ti ìsàlẹ̀, tí ó sì ń lé òjò jìnnà sí ògiri. Ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráàyè kọjá. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ irú ọgbọ́n yìí: bí wọ́n bá kọ́ agboolé, òrùlé a yọ síta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá a sì wà láàárín fún ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn. Ilé tí ó lè mí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú tí iná mànàmáná kì í dúró. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí yìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan kí wọ́n tó gbà á wọlé rárá.

Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ kì í fi ojú kan ra ọjà. Yóò fi ọwọ́ pa ògiri náà, yóò sì wí pé: “Ilé dára. Níbo ni o ó máa sùn?”

Ó tọ̀nà. Ẹwà ilé a máa dí ojú àlejò. Iye àga tí ó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti iye ọmọ tí ń jókòó síbẹ̀ yẹ ní bíbèèrè. Ó yẹ kí a bèèrè wákàtí tí ilé ìkàwé ń tì. Ó sì yẹ kí a bèèrè bí ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn yóò ṣe dé àjà òkè, nítorí àtẹ̀gùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ gbogbo ẹsẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ lọ fún ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, tí ó kàn ní kí wọ́n ya fọ́tò níwájú Gbọ̀ngàn Odùduwà kí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ ni ó fi ṣòfò.

Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni orúkọ tí a kọ sí ara ilẹ̀kùn. Ní ọgbà Ifẹ̀ yìí ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ́ni ní Yorùbá. Ibẹ̀ ni Wándé Abímbọ́lá ti kọ́ni kí ó tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì náà ní 1982. Kì í ṣe bí ilé ṣe ga tó ni ó mú àwọn ọmọ wá jókòó níwájú wọn. Kí ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan rìn dé ẹ̀ka náà, kí ó ka orúkọ àwọn tí ń kọ́ni níbẹ̀ lónìí, kí ó sì kí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì kan, kí ó bi í léèrè ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn Yunifásítì.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ Òṣogbo náà kò tíì yan ohunkóhun. Ó ti gbọ́ pé ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀kọ́ yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, lo ògiri oníhò kí atẹ́gùn lè máa wọlé.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí a lọ wo Ìbàdàn náà.”

Ìyá tú ìdí ìró rẹ̀, ó ń ka owó ọkọ̀.