Bí Ọwọ́ Olùpèsè Bá Kúrú, Kí Ni Kí Ilé-iṣẹ́ Ńlá Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

Nígbà tí alága wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àti òwò, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, oníròyìn ni mí o, èmi kì í ṣe oníṣòwò." Wọ́n ní kí n ṣáà sọ ohun tí ojú mi rí. Òun náà nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe páálí n'Íbàdàn fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe bisikíìtì. Ìsọ̀ wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́sàn-án ló ń jẹun níbẹ̀. Nígbà tí òjò dé, páálí bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ilé-iṣẹ́ dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́tà ló dé: wọn kò rà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kò tíì san owó ẹ̀rọ tí wọ́n yá tán. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló lọ sílé.

Atẹ̀wé kan ládùúgbò ló wọlé lọ́jọ́ kan, tó wo ilẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ò rí i pé orí sìmẹ́ńtì lásán lẹ to bébà sí? Omi ilẹ̀ ló ń fà!" Pákó díẹ̀ lábẹ́ bébà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ra páálí, ẹnì kan kò wá láti ilé-iṣẹ́ yẹn wo ìsọ̀ náà rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ lè gbà pọ̀. Ó lè fi olùpèsè sílẹ̀, kó wá ẹlòmíràn. Ó lè fi ẹlòmíràn díje pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè máa ṣírò fún un lóṣooṣù iye ọjà tó bàjẹ́ àti èyí tó pẹ́ dé. Ó lè ṣèlérí pé bó bá ṣe dáadáa, àwọn á rà sí i. Ó lè rán òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ kọ́ ọ nínú ìsọ̀ rẹ̀, tàbí kó fi owó àti ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́. Ti ìkọ́ni àti ẹ̀rọ yìí ló wọ́n jù. Nítorí náà, ẹni tí ọjà rẹ̀ ṣe pàtàkì, tí ẹ sì fẹ́ bá rìn pẹ́, ni ẹ ó ṣe é fún.

Báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tí ẹ ó yàn? Ẹ bi ara yín pé: ṣé kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ṣé kò fẹ́ ṣe é ni, àbí kò ní ohun tí yóò fi ṣe é? Ẹni tí kò fẹ́, ìdíje àti ìlérí lè jí i. Ẹni tí kò mọ̀, ìdíje kò lè kọ́ ọ.

Toyota mọ èyí ní Jàpáànù. Ní 1970, Taiichi Ohno dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wọn àti àwọn olùpèsè bí a ti ń ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan ṣòfò. Ní 1992, wọ́n gbé irú rẹ̀ dé Kentucky, l'Amẹ́ríkà. Wọn kò gbowó ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ẹni tí wọ́n bá kọ́ ṣílẹ̀kùn fún àwọn mìíràn láti wá wò. Ǹjẹ́ ó lérè? Lọ́jọ́ 1 oṣù kejì 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní Kariya, níbi tí Toyota ti ń ra ẹ̀yà bíréèkì kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbòmíràn. Mọ́tò ṣíṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Ilé-iṣẹ́ bíi 200 ló dìde láti bá wọn ṣe ẹ̀yà náà, nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, mọ́tò ti tún ń jáde.

Ẹni tí kò ní ńkọ́? Ẹ wo ilé níbí. Ní 2010, FrieslandCampina WAMCO, àwọn tí ń ṣe mílíìkì Peak, bẹ̀rẹ̀ ètò ríra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ta ni yóò kọ́ Fúlàní ní màlúù? Oòrùn ni ìṣòro: wàrà a ti kan kó tó dé Èkó. Ilé-iṣẹ́ gbé ẹ̀rọ amú-wàrà-tutù lọ sí agbègbè Ìsẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, wọ́n sì kọ́ àwọn èèyàn ní ìmọ́tótó wàrà. Ká ní ìbáwí nìkan ni wọ́n bá lọ, wàrà ì bá ṣì máa kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti di máníjà, kí ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn, ẹ wọ mọ́tò, ẹ lọ wo ìsọ̀ ọkùnrin náà. Ẹ̀yin tí ẹ nísọ̀, ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ àléébù yín. Ṣebí bí a bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò láyé ijọ́sí, àwọn olùkọ́ wa wọ̀nyí kì í lé wa lọ kíá. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ìwé wa, wọ́n á wá ibi tí a ti ṣì í.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe páálí kéèkì báyìí. Nínú ọmọṣẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta ti padà. Ẹ bá wa ṣe àmín fún mẹ́fà tó kù.