Kẹ̀kẹ́ Ológeere Láàrin Ọkọ̀ Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìnnà nínú ìlú ńlá, ọkọ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Wọn a sọ̀rọ̀ nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, nípa epo bẹntiróòlù tí ó wọ́n, nípa títì tí kò gba ọkọ̀ mọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dárúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ya olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ìbàdàn, nígbà tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Peckham, ní ìhà gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì rí i pé kẹ̀kẹ́ ni ọmọ náà ń gùn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Bàbá kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé owó ọkọ̀ ni kò sí ni? Ìwọ tí o kàwé tó báyìí, kẹ̀kẹ́ ni ó wá kù tí o ń gùn?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Dókítà àgbà tí ó wà ní wọ́ọ̀dù wa pàápàá, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn wá síbi iṣẹ́. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, n kò lè mọ ìgbà tí n ó débẹ̀. Bí mo bá gun kẹ̀kẹ́, mo mọ̀ ọ́n."

Kì í ṣe ìgbéraga ni ó mú bàbá sọ ohun tí ó sọ. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ Raleigh, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹni tí a ń fi ojú di. Àwọn olùkọ́, àwọn ajíhìnrere, àwọn akọ̀wé, àwọn tí ń ra kòkó kiri abúlé, àwọn ni ó ń gùn ún. Wọn a máa fi aṣọ nù ún ní òròòwúrọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì pọ̀ sí i, kẹ̀kẹ́ sì di ohun tí a fi ń mọ ẹni tí kò rí já jẹ. Kí bàbá tó wá bá a ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ọmọ tí ó ti ná owó lé lórí, ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàìdùn ún.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ iyì lọ ni ikú. Ó ti rí bọ́ọ̀sì alájà méjì tí ó ń yí ní kọ̀rọ̀, ó ti rí ọkọ̀ tí ń kó iyanrìn àti kọnkéré lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó sì ń fi ojú inú rí ọmọ rẹ̀ láàrin wọn. Kò sinmi títí tí ó fi sọ pé òun yóò gun ọ̀nà náà fúnra òun. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n mú ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ kì í pọ̀, ó sì yá kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ ṣíwájú, bàbá tẹ̀ lé e, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní 70 ọdún.

Ohun kan ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ òsì náà ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ìjọba yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ayé ọwọ́ òsì ni bàbá yìí ti kọ́ kẹ̀kẹ́. Ara a máa rántí ohun tí ọkàn ti gbàgbé, kò sì pẹ́ tí ó fi mọ ibi tí ó yẹ kí òun wà lójú pópó.

Láti iwájú ilé ìkàwé Peckham ni wọ́n ti gbéra. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, tí igi ṣíji bò. Ojú omi àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Surrey Canal ni ibẹ̀ nígbà kan rí, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó pákó gbà kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ tán lórí omi náà, wọ́n dí i pa. Nínú Burgess Park tí ó wà ní iwájú, afárá kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1906 ṣì dúró digbí: omi ti lọ, afárá kò lọ. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó wò ó títí, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Títí dé ibi yìí, kò rí ohun tí ó lè ba ènìyàn lẹ́rù.

Nígbà tí wọ́n gba àwọn àdúgbò ẹ̀yìn Walworth dé Elephant and Castle ni ọ̀rọ̀ yí padà. Oríta ńlá ni, tí ọkọ̀ ń ya wọ̀ láti ìhà gbogbo. Ọwọ́ bàbá le mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ó di okùn kànga mú. Ó fẹ́ gun orí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀, ni ọmọ rẹ̀ bá kígbe pé, "Bàbá, ẹ má gun ibẹ̀ o! Ti ẹlẹ́sẹ̀ ni!" Òfin ọdún 1835 ni ó ka gígùn ibẹ̀ léèwọ̀ fún ọkọ̀ gbogbo, kí irú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí tó dé ayé rárá, ní ọdún 1888 ni òfin mìíràn ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í yára ju òfin nù.

Lẹ́yìn oríta yẹn, wọ́n bọ́ sí Blackfriars Road. Ibẹ̀ ni bàbá ti kọ́kọ́ rí ohun tí ó wá wò. Ọ̀nà kan wà fún kẹ̀kẹ́ nìkan, tí alọ àti àbọ̀ rẹ̀ wà pọ̀, tí wọ́n sì fi òkúta yà á kúrò lára ọ̀nà ọkọ̀. Ó ní iná tirẹ̀ ní oríta, àwòrán kẹ̀kẹ́ ni ó sì wà nínú iná náà. Bí iná àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá ti tàn ní àwọ̀ ewé, ọkọ̀ tí ó fẹ́ yí kọjá níwájú wọn yóò dúró. Wọ́n gun afárá sọdá odò Thames, wọ́n yà sí etí odò, wọ́n sì ń lọ ní ìrọ̀rùn títí wọ́n fi rí agogo ńlá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lókèèrè. Ọkọ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò kàn wọ́n. Ọwọ́ bàbá dẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá rí èyí lè rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni ó ń dáàbò bo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010 ni ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn òpópó kẹ̀kẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀dà búlúù ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kùn ún sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ sì ń gun orí rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní oríta Bow, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú, ọkọ̀ akẹ́rù pa ènìyàn 2 lórí kẹ̀kẹ́ láàrin oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ọdún 2011. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ènìyàn 6 ni ó kú lórí kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ní ìparí oṣù náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó kẹ̀kẹ́ wọn wá sí iwájú ọ́fíìsì àwọn tí ń ṣàkóso ìrìnnà ìlú, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sórí títì bí òkú. Blackfriars Road ni ọ́fíìsì náà wà, títì kan náà tí bàbá gùn kọjá ní ìrọ̀rùn yìí. Ní ọdún 2016 ni wọ́n ṣí ọ̀nà olókùúta tí ó gba ibẹ̀, àti èyí tí ó wà létí odò.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá nìkan padà lọ sí Elephant and Castle ní òwúrọ̀, ó dúró sí ẹ̀bá títì, ó ń wòran. Ó rí ohun tí ọjọ́ Àìkú kò fi hàn án. Ọkọ̀ akẹ́rù a dúró síbi iná. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ a rọra gba ọwọ́ òsì rẹ̀ wá síwájú. Awakọ̀ wà lókè réré, ìjókòó rẹ̀ ga ju orí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ, ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì bo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Bí iná bá tàn, tí awakọ̀ sì yí sí ọwọ́ òsì, iwájú ọkọ̀ a kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì gé kọ̀rọ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá wà láàrin ọkọ̀ àti etí títì kò ní ibi tí yóò sá sí. Láti ọdún 2015 sí 2017, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni ó wà nínú ìdá 63 nínú 100 ìjàǹbá tí ó pa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn wọn kò ju ìdá 4 nínú 100 ìrìn tí ọkọ̀ ń rìn nínú ìlú náà.

Ìjọba kò fi èyí sílẹ̀ fún àdúrà. Láti oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó wọ ìlú. Wọn a wo bí awakọ̀ ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìta tó láti orí ìjókòó, láìsí pé ó ń wo dígí, wọn a sì fún ọkọ̀ náà ní ìràwọ̀, láti orí òdo dé 5. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà sí ìràwọ̀ 3. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò máa ta awakọ̀ lólobó. Nínú ìwé ìlànà ojú pópó tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n kọ́ àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n fi ọwọ́ tí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i, kí ara lè yí, kí ojú lè rí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kò yẹ kí a fi àbùkù pamọ́. Bàbá rí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ó sáré kọjá nígbà tí iná pọ́n, tí ìyá arúgbó kan fi fò sẹ́yìn. Ó rí kẹ̀kẹ́ tí olè ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tí ìyókù rẹ̀ wà nínú ṣẹ́ẹ̀nì lára òpó iná. Kẹ̀kẹ́ àyágùn tí ìlú bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2010, tí ó jẹ́ 5,000 nígbà náà, ní ibi tí a ń so ó mọ́. Ṣùgbọ́n irú mìíràn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní, àwọn ènìyàn sì ń fi í dí ọ̀nà àwọn afọ́jú.

Àwọn ará Èkó kò ṣàìmọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀dà àti òkúta. Nígbà tí ọ̀nà BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 ní oṣù kẹta ọdún 2008, òkúta ni wọ́n fi dá apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi sàmì sí apá mìíràn. Kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún níbi tí dánfó ti rọrùn láti yà wọ̀ jù.

Àwọn tí yóò jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní ìrọ̀lẹ́ òní kò ní ṣàìgbọ́ ẹni tí yóò sọ pé kí a polongo kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, nítorí ó dára fún ara, kò sì ń mu epo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọ̀nà olókùúta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ara ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti gé e. Àwọn awakọ̀ takisí gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà etí odò náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2016 ni ẹjọ́ wọn já sí òfo. Bí ìjọba kan níhìn-ín bá fẹ́ gé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ láti Mókọ́lá dé Dùgbẹ̀, ara ta ni wọn yóò ti gé e: ti onímọ́tò ni, ti àwọn tí ń pàtẹ ọjà sí etí títì ni, tàbí ti ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ní ibi tí yóò gbà tẹ́lẹ̀?